Òṣìṣẹ́ tó pegedé jù lóṣù nìkan ò tó
Àbá táwọn kan máa ń dá, pé kí iléeṣẹ́ máa yan òṣìṣẹ́ tó pegedé jù lóṣooṣù, kò burú, àmọ́ tó bá ṣe díẹ̀, ńṣe ni wọ́n á máa pín oyè náà kárí, kò sì ní níyì lójú ẹnikẹ́ni mọ́. (Tí owó oṣù bá sì ń pẹ́, ẹ kọ́kọ́ san ìyẹn ná.)

Táwọn òṣìṣẹ́ bá ṣe dáadáa, ẹ yìn wọ́n kí ọjọ́ méjì tó kọjá, kẹ́ ẹ sì sọ ohun tí wọ́n ṣe gan-an. "O káre" lásán kò tó. "Àṣìṣe tó o rí nínú ìwé owó lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun ni kò jẹ́ ká san owó ọjà kan náà lẹ́ẹ̀mejì": ìyẹn làwọn yòókù lè fi kọ́ṣe.

Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ alẹ́ àtàwọn tó ń ṣiṣẹ́ látilé ni wọ́n sábà máa ń gbàgbé. Kí máníjà máa kọ orúkọ ẹni tó bá yìn sílẹ̀. Tí orúkọ ẹnì kan ò bá jáde fún oṣù kan gbáko, kó wádìí, torí ó lè jẹ́ ojú máníjà fúnra rẹ̀ ni kò tó ibi tí ẹni náà ti ń ṣiṣẹ́. Àwọn mìíràn kì í fẹ́ kí wọ́n yin àwọn lójú èrò. Ẹ bi wọ́n tẹ́lẹ̀.