Ibi tí ìrìn-àjò abẹnugan wa ti bẹ̀rẹ̀

Ìròyìn yín lórí ìrìn-àjò òṣèlú Adébọ̀ Ògúndóyìn, abẹnugan ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, dára, àmọ́ ẹ sáré kọjá níbi tí ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí Michael Adéyẹmọ, abẹnugan ìgbà náà, jáde láyé ní oṣù kẹrin ọdún 2018, àga Ìlà-Oòrùn Ìbàràpá ṣófo, àtúndì ìbò sì wáyé ní oṣù kẹfà. Ẹgbẹ́ APC ló ń ṣèjọba n'Íbàdàn lákòókò yẹn, síbẹ̀ Ògúndóyìn, ọmọ ẹgbẹ́ PDP, ni àwọn ará Erúwà àti Lánlátẹ̀ dìbò yàn, èyí tí èmi tí mo ń gbé Ògbómọ̀ṣọ́ kà sí ìgboyà gidi, nítorí kò rọrùn fún agbègbè kékeré láti kọ ẹ̀yìn sí ẹgbẹ́ tí àpò ìpínlẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó tún wọlé ní 2019, ó di abẹnugan ní ẹni ọdún 32, ó sì tún wọlé ní 2023.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá wa kọ nípa àwọn òfin tí ó gbé kalẹ̀ pẹ̀lú. Aṣòfin méjì ló ń ṣojú Àríwá àti Gúúsù Ògbómọ̀ṣọ́ láàárín àwọn 32 tó wà nílé náà; ó wù mí kí a lè fi iṣẹ́ wọn wéra kí ìbò tó ń bọ̀ tó dé.