Kí agbè má fọ́: èrò ọkàn mi lórí oyún ṣíṣẹ́

Ẹ̀yin ará Ifẹ̀ àti Iléṣà tó ń jà lórí ọ̀rọ̀ oyún ṣíṣẹ́, ti Amẹ́ríkà lẹ mọ̀ jù. Ẹ mọ̀ pé ní oṣù kẹfà ọdún 2022 ni ilé ẹjọ́ tó ga jù níbẹ̀ wọ́gi lé ìdájọ́ Roe ti 1973, èyí tó sọ oyún ṣíṣẹ́ di ẹ̀tọ́ obìnrin níbẹ̀. Òfin tiwa ńkọ́?

Nínú Criminal Code, ìwé òfin ìwà ọ̀daràn ti gúúsù Nàìjíríà, abala 228 ní ẹni tó bá ṣẹ́yún fún obìnrin lè ṣẹ̀wọ̀n ọdún 14. Obìnrin tó bá ṣẹ́ ẹ fúnra rẹ̀, abala 229, ọdún 7. Ẹni tó ta oògùn tàbí irinṣẹ́ fún un, tó sì mọ ohun tó fẹ́ fi ṣe, abala 230, ọdún 3. Òfin náà ò tilẹ̀ bìkítà bóyá oyún wà níkùn obìnrin náà lóòótọ́. Bó bá ti lo nǹkan pẹ̀lú èrò àtiṣẹ́yún, ó ti dáràn.

Abala 297 ni wọn kì í dárúkọ. Ó ní ẹni tó bá fi òótọ́ inú, ìfarabalẹ̀ àti ìmọ̀ iṣẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ lórí oyún kí ẹ̀mí ìyá má baà bọ́, kò jẹ̀bi. Ẹ ro obìnrin tí àìsàn ọkàn rẹ̀ ti le kọjá ohun tó lè gbé oyún, tàbí ẹni tí omi oyún rẹ̀ ti tú ní oṣù kẹrin tí ibà sì ti wọ̀ ọ́ lára. Ní 2018, iléeṣẹ́ ètò ìlera ìjọba àpapọ̀ gbé ìlànà jáde fún àwọn dókítà lórí irú ọ̀rọ̀ báyìí. Ìpínlẹ̀ Èkó gbé tirẹ̀ jáde ní 2022, ariwo sọ, gómìnà sì dá a dúró láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Òfin tó ti wà nílẹ̀ ni wọ́n kàn ń ṣàlàyé o!

Àwọn kan á ní àṣà wa kò gbà á. Ẹ jẹ́ ká gbọ́ ohun tí ẹnu wa ń sọ. Àdúrà aláboyún ni pé "a ó gbóhùn ìyá, a ó gbóhùn ọmọ." Ìyá ló ṣáájú. Bí oyún bá bàjẹ́, àwọn àgbà á wọlé, wọ́n á jókòó ti obìnrin náà, wọ́n á ní: "Omi ló dànù, agbè ò fọ́." Ẹni tó sọ bẹ́ẹ̀ kò fojú kéré omi, ó ń dùn ún. Ṣùgbọ́n ó mọ èyí tí kò gbọdọ̀ fọ́. (Èmi ò sì gbà pé torí omi nìkan ni agbè ṣe níyì.) Ohun tí abala 297 ń sọ náà nìyẹn.

Ibi tí èmi àti òfin yìí ti yà ni ti ọmọbìnrin tí wọ́n fipá bá lò pọ̀. Abala wọ̀nyí ò dárúkọ rẹ̀ rárá. Nàìjíríà fọwọ́ sí àdéhùn Maputo, ti àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà lórí ẹ̀tọ́ obìnrin, tó fàyè gba oyún ṣíṣẹ́ fún irú ọmọbìnrin bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n abala 12 ìwé òfin 1999 ní àdéhùn òkèèrè kò ní agbára òfin àfi bí ilé aṣòfin bá sọ ọ́ di òfin. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì tó fi òfin yìí lé wa lọ́wọ́ ti yí tiwọn padà láti 1967. Mo fẹ́ kí tiwa náà yí.

Ṣùgbọ́n kó tó yí, ẹ má jẹ́ kí ẹ̀rù ọlọ́pàá pa ẹnikẹ́ni sínú yàrá. Títọ́jú ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ń dà lára rẹ̀ kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Òfin ìlera 2014, abala 20, ní ilé ìwòsàn ò gbọdọ̀ kọ aláìsàn pàjáwìrì fún ìdíkídìí. Ìtanràn ₦100,000, ẹ̀wọ̀n tí kò ju oṣù mẹ́fà lọ, tàbí méjèèjì ló wà fún un.

Ohun tó máa ń pa àwọn tó ṣẹ́yún ni pé nǹkan ṣẹ́ kù sínú ilé ọmọ, ilé ọmọ ò lè sún kì, ẹ̀jẹ̀ ò dá. Tàbí kí irinṣẹ́ ti lu ilé ọmọ, kí ìdọ̀tí sì wọ inú ẹ̀jẹ̀, kí kíndìnrín dáṣẹ́ sílẹ̀. Bí páàdì ńlá méjì bá rin gbingbin láàárín wákàtí kan, tó tún rí bẹ́ẹ̀ ní wákàtí kejì, ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn. Bó bá ní ibà, tí ohun tó ń jáde ń rùn, tí ikùn le bíi pákó, tàbí tí òòyì ń kọ́ ọ, ẹ má dúró kí ilẹ̀ tó mọ́, ẹ má fún un ní àgbo. Ní Ifẹ̀, OAUTHC, ilé ìwòsàn ńlá ti Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, wà. Ní Iléṣà, ilé ìwòsàn Wesley Guild. Ẹ sọ òótọ́ fún dókítà: ìgbà tó rí nǹkan oṣù gbẹ̀yìn, ohun tó mu, ohun tí wọ́n kì bọ̀ ọ́ lójú ara, nítorí abẹ́rẹ́ tẹ́tánọ́ọ̀sì wà lára ohun tó lè nílò. Kí ẹni méjì tó lè fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ sì tẹ̀ lé e lọ.