Pépà ọkọ̀ yín, ta lẹ ń ṣe é fún?

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Orí bẹ́ǹṣì ni mo wà níta ọ́fíìsì kan ní Abẹ́òkúta láti aago mẹ́jọ àárọ̀, mo sì ti ka gbogbo ohun tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ara ògiri wọn tán. Èèyàn bí ogún ló ṣì wà níwájú mi. Kí oorun tó gbé mi lọ, ẹ jẹ́ n kọ ohun tó wà lọ́kàn mi, torí ó ti pẹ́ tí mo ti ń gbé e kiri.

Ohun náà nìyí: àwa tí à ń wa ọkọ̀ nílùú yìí, ọlọ́pàá là ń ṣe pépà fún. A kì í ṣe é fún ara wa. Ẹ bi ẹnikẹ́ni tó ń wa mọ́tò láti Panṣẹ́kẹ dé Láfẹ́nwá pé kí ni ìnṣọ́ránsì wà fún, yóò ní kí wọ́n má baà dá òun dúró ni. Láísẹ́ǹsì ọkọ̀ ńkọ́? Kí wọ́n má baà dá òun dúró ni. Ìwé pé ọkọ̀ yẹ lójú títì, tí àwọn VIO, àwọn òṣìṣẹ́ tó ń yẹ ọkọ̀ wò, ń fúnni? Ìdáhùn kan náà. A ti sọ ọ́ di oògùn tí a fi ń lé ọlọ́pàá. A ó ká a sínú ọ̀rá, a ó tì í bọ àpótí iwájú ọkọ̀, ó di ẹ̀ẹ̀mí-ìn. Ẹni tó bá sì jẹ́ pé torí ọlọ́pàá ló ṣe ra oògùn, kò kàn án bóyá oògùn náà ń jẹ́, bí ọlọ́pàá bá ṣáà ti gbà pé ó ń jẹ́.

Mi ò wá bá ẹnikẹ́ni wí o. Èmi gan-an ni mo fẹ́ rò fún yín.

Àdìrẹ ni mò ń tà ní Ìtòkú. Mo ra Sienna kan kí n lè máa fi kó ẹrù lọ sí Èkó. Kì í ṣe tòkunbọ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ sílẹ̀; wọ́n ti lò ó nílẹ̀ yìí kó tó dé ọwọ́ mi, nọ́ńbà Èkó ló sì wà lára rẹ̀, KJA. Lọ́jọ́ tí mo sanwó, ẹni tó tà á fún mi kó pépà ńlá kan lé mi lọ́wọ́, ó ní, "Màdáámù, pípé ló pé." Mo wò ó, ó nípọn lóòótọ́. Mi ò ka ẹyọ ọ̀rọ̀ kan níbẹ̀.

Nígbà tí ọdún yípo, mo pe ọmọkùnrin kan tó máa ń bá àwa ọlọ́jà ṣe pépà. Ọmọ jẹ́jẹ́ ni, tó máa ń dọ̀bálẹ̀ gbalaja kí èèyàn láàárín ọjà. "Ìyá, ẹ fọkàn balẹ̀. Ẹ kó ti àtijọ́ fún mi pẹ̀lú owó, kí ilẹ̀ ọ̀la tó ṣú, ó ti dé." Ó dé lóòótọ́. Ó gbé e wá bá mi ní ìsọ̀, ó ti fi ike bò ó, òǹtẹ̀ ara rẹ̀ ń dán yinrinyinrin. Mo tún fún un lówó omi tútù.

Ó ku ọ̀sẹ̀ méjì sí Kérésìmesì tó kọjá, mò ń sọ̀ lọ sí Láfẹ́nwá. Ẹ̀yin náà mọ bí ibẹ̀ ṣe máa ń há lásìkò ọdún. Ọkọ̀ akérò kan já sí mi níwájú, mo yà fún un, ni mo bá lọ rún ẹ̀gbẹ́ kẹ̀kẹ́ Márúwá kan wọlé. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run, orúnkún onímárúwá náà ló kàn bó díẹ̀. Ṣùgbọ́n táyà iwájú kẹ̀kẹ́ rẹ̀ tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, gíláàsì di gààrí. Ọmọ ọ̀hún ò bú mi. Ó lóṣòó, ó ń ṣa àfọ́kù iná tó fi ń yà, ó ń tò wọ́n sí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, bíi pé tí wọ́n bá ti pé, wọn ó jọ padà. Ohun kan ṣoṣo tó ń tún sọ ni, "Ìyá, kì í ṣe tèmi o. Ojoojúmọ́ ni mò ń dẹlífà owó fún ọ̀gá mi."

Bàbá kan tó ń kọjá ló dá sí i. Ó ní, "Ṣebí ẹ ní ìnṣọ́ránsì? Ìnṣọ́ránsì yín ló yẹ kó tún kẹ̀kẹ́ ọmọ yìí ṣe."

Ẹ gbà mí gbọ́, ìgbà àkọ́kọ́ tí ọ̀rọ̀ yẹn máa wọ̀ mí létí nìyẹn. Èmi tí mo ń sanwó rẹ̀!

Mo délé, mo bi ọmọ mi tó lọ sílé ìwé, òun ló bá mi wá gbogbo ẹ̀ jáde. Ẹ rántí pé ní January 1, 2023 ni NAICOM, àjọ ìjọba tó ń mójú tó ọ̀rọ̀ ìnṣọ́ránsì, gbé owó tọ́ọ̀dì páátì ọkọ̀ ilé kúrò ní náírà 5,000, tó sì di 15,000. Ariwo tí a pa nígbà náà kò kéré, èmi náà pa tèmi. Ohun tí a ò gbọ́ nínú ariwo ara wa ni ìyókù ọ̀rọ̀: pé tí ọkọ̀ rẹ bá ba dúkìá ẹlòmíràn jẹ́, ilé iṣẹ́ ìnṣọ́ránsì lè san tó mílíọ̀nù 3 náírà fún onítọ̀hún. Kẹ̀kẹ́ Márúwá tó ń san 5,000, ó tó mílíọ̀nù 2. Ọ̀kadà tó ń san 3,000, ó tó mílíọ̀nù kan. Kò kan ọkọ̀ tìrẹ fúnra rẹ o. Ẹni tí o gbá ló wà fún. Nígbà tí ọlọ́pàá tún kéde pé láti February 1, 2025 àwọn yóò máa yẹ ìnṣọ́ránsì yìí wò lójú títì, kíá la gbọ́ ìyẹn. Gbogbo Ìtòkú ló mọ̀ ọ́n kí ọjọ́ náà tó pé. Ti mílíọ̀nù 3 yẹn, kò sẹ́ni tó sọ ọ́ fún mi.

Ọmọ mi tẹ nọ́ńbà ọkọ̀ mi sórí askniid.org, níbi tí àwọn ilé iṣẹ́ ìnṣọ́ránsì ń kó orúkọ ọkọ̀ tó bá ti sanwó sí. Kò sí níbẹ̀. A tún un tẹ̀. Kò sí. Adójútòfò ni Yorùbá ń pe ìnṣọ́ránsì. Tèmi ò dójú ti òfò kankan, èmi ló dójú tì.

Mo pe ọmọ jẹ́jẹ́. Fóònù ò lọ fún ọjọ́ mẹ́ta. Nígbà tó gbé e, ó ní, "Ìyá, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni. Á gbé e tó bá yá." Nẹ́tíwọ́ọ̀kì tí kò gbé orúkọ láti oṣù márùn-ún!

Owó tí mo fẹ́ fi ra aṣọ funfun àti aró fún ọjà ọdún ni mo fi tún kẹ̀kẹ́ ọmọ ọlọ́mọ ṣe. Lọ́jọ́ tí mo kó owó fún un, ó yọ pépà tirẹ̀ náà láti abẹ́ ìjókòó, ó ní, "Ìyá, ẹ bá mi wo tèmi." Ọmọ mi tẹ̀ ẹ́. Tirẹ̀ náà ò sí níbẹ̀. Àwa méjèèjì tí a forí gbárí ní Láfẹ́nwá, bébà lásán ló wà lápò wa. Àwa méjèèjì sì ti fi í kọjá lọ́dọ̀ ọlọ́pàá láìmọye ìgbà. Oògùn wa ń jẹ́ dáadáa fún ohun tí a rà á fún.

Torí ìbínú yẹn ni mo ṣe jókòó ka ìyókù pépà ọ̀hún lálẹ́ ọjọ́ kan. Ìgbà yẹn ni mo rí èyí tó tún burú jù. Orúkọ tó wà lórí ìwé ẹ̀rí ẹni tó ni ọkọ̀, kì í ṣe tèmi, kì í sì í ṣe ti ẹni tó tà á fún mi. Ti ọkùnrin kan tó ti nì ín ṣáájú ẹni yẹn ni. Ọkọ̀ ti gba ọwọ́ èèyàn mẹ́ta, kò sẹ́ni tó yí orúkọ padà. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú rẹ̀. Ó ní ọkọ̀ mi ń jẹ́ orúkọ ọkùnrin tí mi ò mọ̀ rí, èmi alára ń jẹ́ orúkọ ọkọ mi, kí ló wá kù tó jẹ́ tèmi?

Ẹ má rò pé àwàdà lásán ni. Ọmọ àbúrò mi ta Camry rẹ̀, ó gbowó, ó fi kọ́kọ́rọ́ lé ẹni tó rà á lọ́wọ́, ó parí. Ọdún kan lé díẹ̀ lẹ́yìn náà, wọ́n mú mọ́tò yẹn pẹ̀lú ìrẹsì fàyàwọ́ ní apá Ìdìrókò. Awakọ̀ ti bọ́ sínú igbó. Orúkọ ta ni wọ́n bá nínú ìwé? Ọjọ́ méjì gbáko ló fi ń ṣàlàyé ara rẹ̀. Rìsíìtì tó fi ta á, tí ìyàwó rẹ̀ ti fi ṣe ojú ìwé nínú Bíbélì, ló yọ ọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tí ẹ ń ta ọkọ̀, ẹ má kàn gbowó. Ẹ rí i pé ẹni tó rà á kó orúkọ yín kúrò níbẹ̀.

Ohun tó gbé mi wá síbí nìyẹn: kí n yí orúkọ orí ìwé ọkọ̀ mi padà sí tèmi. Mo kó rìsíìtì tí mo fi rà á wá, ìwé tí èmi àti ẹni tó tà á jọ fọwọ́ sí, gbogbo pépà àtijọ́, nọ́ńbà NIN mi, mo sì gbé ọkọ̀ wá kí wọ́n lè fi nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì àti ti ṣásí wé ohun tó wà nínú ìwé. Tí ó bá jẹ́ tòkunbọ̀ tí kò tíì ní nọ́ńbà ni, wọn ó kọ́kọ́ béèrè ìwé owó tí wọ́n san fún aṣọ́bodè. Ìyẹn gan-an ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wò kẹ́ ẹ tó sanwó mọ́tò, ẹ má dúró di ìgbà tí ẹ bá dé ibí.

Láàárín kan, ṣé ẹ ti ṣàkíyèsí pé KJA pọ̀ ní Òkè-Ìlẹ̀wọ́ bíi pé Ìkejà ni? AAB ni lẹ́tà tiwa ní Gúúsù Abẹ́òkúta, SGM ni ti Ṣàgámù, OTA ni ti Ọ̀tà. Òfin ò ní kí nọ́ńbà Èkó má rìn níbí, gbogbo Nàìjíríà ló ti ń rìn. Ṣùgbọ́n owó ìforúkọsílẹ̀ ọkọ̀ ń lọ sápò ìpínlẹ̀ tí wọ́n ti ṣe é. A ó sanwó fún Èkó tán, a ó wá dúró ní Àṣẹ́rò, a ó máa bú ìjọba Ògùn torí kòtò.

Mi ò gbè sẹ́yìn ìjọba náà o. Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ náà ṣe rí: àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó ti ìjọba àpapọ̀ ló ń ṣe nọ́ńbà, àwọn agbowó-orí ìpínlẹ̀ ló ń tà á, VIO ló ń yẹ ọkọ̀ wò, ilé iṣẹ́ aládàáni ló ń ta ìnṣọ́ránsì, tí gíláàsì rẹ bá dúdú, o tún di ti ọlọ́pàá. Ọkọ̀ kan ṣoṣo, ìyàálé márùn-ún. Ọlọ́jà wo ló lè ti ìsọ̀ fún ọjọ́ méjì tórí pé ó fẹ́ pa òfin mọ́? Ọmọ jẹ́jẹ́ ò ti ojú ọ̀run já bọ́. Àárín ìyàálé wọ̀nyẹn ló ti rí àyè jókòó. Lára ògiri tó wà níwájú mi báyìí, wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà pé ká má bá tọ́ọ̀tù, àwọn tó ń báni sáré pépà bíi ọmọ jẹ́jẹ́, dòwò pọ̀. Abẹ́ ìkọ̀wé náà gan-an ni ọ̀kan lára wọn fẹ̀yìn tì, ó ń jẹ ẹ̀pà. Ó ti bi mí lẹ́ẹ̀mejì bóyá kí òun bá mi ṣe é kíákíá.

Ọ̀jọ̀gbọ́n Wọlé Ṣóyinká, ọmọ ìlú wa yìí, ló kọ́kọ́ jẹ́ alága àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó nígbà tí wọ́n dá a sílẹ̀ ní 1988. Mo máa ń rò ó pé, nínú gbogbo ìlú, ó yẹ kó jẹ́ pé ní Abẹ́òkúta ni pépà ọkọ̀ ti rọrùn jù. Kí wọ́n lẹ iye owó ohun kọ̀ọ̀kan mọ́ ògiri yìí dípò ìkìlọ̀. Ní 2021 tí owó nọ́ńbà ọkọ̀ kúrò ní 12,500 bọ́ sí 18,750, èèyàn mélòó nínú wa ló mọ̀ pé ó ní iye kan pàtó? Iye tí ọmọ jẹ́jẹ́ bá pè la mọ̀.

Mo mọ̀ pé àwọn kan máa sọ fún mi pé ẹni tó ń bá àwọn ṣe tiwọn, olóòótọ́ ni. Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ máa lò ó. Ṣùgbọ́n kẹ́ ẹ tó fún un lówó omi tútù, ẹ tẹ nọ́ńbà ọkọ̀ yín sórí fóònù níṣojú rẹ̀, kẹ́ ẹ sì ka orúkọ tó wà lórí ìwé. Ìṣẹ́jú márùn-ún ni. Kò tó àsìkò tí mo fi ń ná owó ìró kan.

Ẹ dákẹ́ ná. Obìnrin ojú fèrèsé ti bẹ̀rẹ̀ sí pe orúkọ látinú pépà àtijọ́. Orúkọ ọkùnrin yẹn ló ń pè. Gbogbo bẹ́ǹṣì ń wojú ara wọn, wọ́n ń wá bàbá kan tí yóò dìde.

Èmi ni mo máa dáhùn.