Ọ̀dà funfun kọ́ ló ń mú yàrá ẹ̀yìnkùlé tutù

Bí ẹ bá kọ́ yàrá kékeré kan sínú ọgbà ẹ̀yìnkùlé yín, ì báà jẹ́ ní Kàbà, ní Mopà, ní Ìsánlú tàbí ní Ẹ̀gbẹ̀, kò ní pẹ́ tẹ́ ẹ ó fi gbọ́ ọ: "Funfun ni kẹ́ ẹ kun inú rẹ̀ o, kó lè máa tutù." Kunlékunlé á sọ ọ́. Ẹni tó ń ta ọ̀dà á tún un sọ. Àbúrò ìyá yín tó kàn yà kí yín lẹ́yìn ìsìn Sọ́ńdè náà á dá sí i. Àlàyé wọn ò sì le: aṣọ dúdú máa ń gba oòrùn ju funfun lọ. Ẹni tó bá ti wọ ankará dúdú jókòó sójú oòrùn oṣù kẹta níbi òkú àgbà kò nílò olùkọ́ lórí ìyẹn. Wọ́n wá ní bó ṣe rí lára aṣọ náà ló rí lára ògiri yàrá.

Kò rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ tó jóòótọ́ níta ni wọ́n fẹ́ gbé wọlé, kò sì bá wọn wọlé.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí páànù. Oòrùn ọ̀sán ń dà sórí òrùlé àti sára ògiri ìta, àwọ̀ tó bá sì bá níbẹ̀ ló máa sọ bí ooru tó ń wọlé ṣe máa pọ̀ tó. Páànù tó ti dógùn-ún, tó ti ń pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, máa ń mu púpọ̀ nínú rẹ̀. Èyí tí wọ́n kùn ní funfun máa ń dá púpọ̀ padà sójú ọ̀run. Ìdí nìyẹn tí àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Purdue, ní Amẹ́ríkà, fi gbé ọ̀dà funfun kan jáde lọ́dún 2021 tó ń dá 98.1 padà nínú ọgọ́rùn-ún ìtànṣán oòrùn. Ibi tí wọ́n ṣe é fún ni kẹ́ ẹ wò dáadáa: orí ilé àti ara ilé níta. Wọn ò ṣe é fún pálọ̀.

Nígbà tí ooru bá fi máa la páànù tàbí búlọ́ọ̀kù kọjá bọ́ sínú yàrá, kì í ṣe ìmọ́lẹ̀ mọ́. Ó ti di irú ooru tí áyọ́ọ̀nù eléèédú ń fẹ́ síni lẹ́rẹ̀kẹ́ bí wọ́n bá gbé e súnmọ́ni: ẹ ò rí i, ṣùgbọ́n ẹ mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Lójú ooru yìí, kò sí ọ̀dà funfun, kò sí ọ̀dà dúdú. Emulsion funfun, emulsion àwọ̀ kọfí, emulsion aláwọ̀ aró, gbogbo wọn ló ń gba nǹkan bí 90 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀, gbogbo wọn ló sì ń tú u padà sínú yàrá bákan náà. Ojú èèyàn nìkan ni funfun ń funfun fún.

Ẹ dán an wò fúnra yín, kò gba kọ́bọ̀. Lọ́wọ́ aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́, nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ẹ wọ yàrá tí wọ́n kùn ní funfun látòkè délẹ̀. Ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ lé ògiri tó wà lápá ìlà-oòrùn, kẹ́ ẹ jẹ́ kó pẹ́ díẹ̀ níbẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ bọ́ sí ti ìwọ̀-oòrùn. Inú gálọ́ọ̀nù kan náà ni ọ̀dà méjèèjì ti wá, ṣùgbọ́n èkejì á máa lọ́ wọ́ọ́rọ́ lábẹ́ ọwọ́ yín. Bí yàrá náà ò bá ní sílíìnì, ẹ gun àga kẹ́ ẹ nawọ́ sókè sí páànù. Ẹ ò ní tíì kàn án tí ooru rẹ̀ á ti pàdé ọwọ́ yín lójú ọ̀nà. Búlọ́ọ̀kù kì í sì í tètè jọ̀wọ́ ohun tó bá mu. Ohun tó fà á nìyẹn tó fi jẹ́ pé ní aago mẹ́jọ alẹ́, tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ yẹ́ẹ́ níta, inú yàrá ṣì ń gbóná, tí gbogbo ilé á gbé àga jáde sábẹ́ igi.

Ilé amọ̀ àwọn baba wa ńkọ́? Púpọ̀ nínú wọn ò rí funfun rí, pupa ilẹ̀ ni wọ́n, wọ́n sì tutù. Ògiri wọn nípọn, koríko tàbí ewé ló sì wà lórí wọn dípò páànù. Àwa la gbé páànù gun orí búlọ́ọ̀kù íńṣì mẹ́fà, tá a wá ń retí kí gálọ́ọ̀nù ọ̀dà kan bá wa tún un ṣe.

Bí owó bá wà lọ́wọ́ yín fún ìtutù, sílíìnì ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ ná an lé lórí, kí àlàfo sì wà lókè rẹ̀ tí atẹ́gùn lè gbà jáde. Fèrèsé méjì tó kọjú síra wọn ló tẹ̀ lé e. Igi tó ṣíji bo ẹ̀gbẹ́ ìwọ̀-oòrùn náà dára púpọ̀, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gé e nítorí pé ewé ń já sílẹ̀.

N ò ní fi ẹ̀tọ́ funfun dù ú o. Bí oòrùn bá ń gba ojú fèrèsé wọlé tààrà, ògiri funfun á da díẹ̀ nínú rẹ̀ padà síta kó tó di ooru, àmọ́ kọ́tìnnì kan lásán á ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó tún máa ń jẹ́ kí gílóòbù kan tó níbi tí méjì ì bá ti wà. Láyé gílóòbù àtijọ́ tó ń gbóná bí nǹkan míì, ìyẹn ní láárí fún ìtutù. Gílóòbù LED tó wà nílé gbogbo wa báyìí kì í mú ooru tó bẹ́ẹ̀ jáde.

Tí ọ̀rọ̀ ìtutù bá ti kúrò níbẹ̀, ẹ wá ráyè yan àwọ̀ bó ṣe yẹ. Ibí yìí gan-an ni funfun ti máa ń jáni kulẹ̀ jù nínú yàrá ọgbà, nítorí yàrá ọgbà kì í gba ìmọ́lẹ̀ tirẹ̀ tààrà. Ara ewé ni ìmọ́lẹ̀ ti ń ta padà wọ inú rẹ̀. Mo wà níbẹ̀ nígbà tí ìyá kan ní Ìsánlú ń bá kunlékunlé fà á:

"Bọ̀dá, funfun ni mo ní kẹ́ ẹ kùn. Kí ló dé tí ibí yìí fi rí bí omi ẹ̀fọ́?"

"Mọ́mì, funfun náà ni o. Màngòrò yín ló kun tiẹ̀ lé e."

Òótọ́ ni bọ̀dá náà sọ. Nǹkan bí aago mẹ́wàá àárọ̀ ni, oòrùn wà lórí màngòrò, ògiri tó kọjú sí fèrèsé ti rí bí ewé tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fún omi rẹ̀ sínú wàrà. Ẹni tó bá sì jókòó sídìí ògiri bẹ́ẹ̀, ojú rẹ̀ á dà bí ojú ẹni tí ibà ń ṣe. Funfun kì í ní àwọ̀ tirẹ̀ tó lè fi bá ẹnikẹ́ni jà. Ohun tó bá wà lójú fèrèsé ló ń di. Bó bá jẹ́ ilẹ̀ pupa tí wọ́n gbá mọ́ tónítóní ló wà níwájú fèrèsé, á pọ́n rẹ́súrẹ́sú lọ́sàn-án.

Eruku tún wà níbẹ̀. Láti oṣù kọkànlá títí wọ oṣù kejì, ọyẹ́ á máa da eruku sí gbogbo etí fèrèsé. Bí òjò bá dé lóṣù kẹrin, yóò ta ilẹ̀ pupa sára ògiri ìta títí dé orúnkún, àwọn ọmọ á sì fi ẹsẹ̀ gbé ìyókù wọlé. Ẹ wo ẹ̀yìn àga níbi tí bàbá ti máa ń fẹ̀yìn tì kà ìwé ìròyìn: àmì òróró orí á ti yọ róbótó sára ògiri, funfun á sì máa tọ́ka sí i fún gbogbo àlejò.

Ohun tí èmi máa ń sọ pé kí èèyàn wò ni kírímù tó ní pupa díẹ̀ nínú, tàbí àwọ̀ bọ́tà, tàbí àwọ̀ amọ̀ gbígbẹ tí wọ́n là dáadáa. Pupa inú rẹ̀ ló máa bá àwọ̀ ewé tó ń wọlé dọ́gba, tí ara èèyàn á fi dà bí ara èèyàn. Eruku ilẹ̀ wa náà ò ní hàn lára rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, torí wọ́n ti fẹ́rẹ̀ẹ́ jọra. Bí ẹ bá fẹ́ràn àwọ̀ ewé tàbí aró, kò burú, ẹ ṣáà mọ̀ pé ọgbà máa fi kún un, nítorí náà ẹ mú èyí tó ṣá ju bí ẹ ṣe fẹ́ ẹ lọ. Wọ́n ní aró ń múni tutù. Ó lè rí bẹ́ẹ̀ lójú. Ohun tí wọ́n fi ń wọn ooru ò mọ̀ nǹkan kan nípa rẹ̀. Ti pupa gidi, mi ò ní bá yín jiyàn lórí rẹ̀, àmọ́ ní ilẹ̀ Búnú, nítòsí Kàbà, láyé àtijọ́, ìsìnkú àwọn olóyè ni wọ́n ń hun aṣọ pupa fún. Bí ìyá àgbà bá wọ yàrá náà tó sì dákẹ́, ẹ má bi í léèrè.

Ìgbàgbọ́ kejì tó máa ń tẹ̀ lé ti àkọ́kọ́ ni pé funfun ń mú yàrá kékeré tóbi. Níbi tí ìmọ́lẹ̀ pọ̀, bẹ́ẹ̀ ni. Níbi tí fèrèsé kan ṣoṣo wà lábẹ́ igi, funfun á di àwọ̀ eérú, igun yàrá á sì máa ṣókùnkùn lójú. Bọ́tà á mọ́lẹ̀ ju u lọ lójú èèyàn níbẹ̀.

Ẹ má fi káàdì àwọ̀ tí wọ́n kó síwájú yín ní ṣọ́ọ̀bù pinnu. Iná ṣọ́ọ̀bù yàtọ̀ sí iná ọgbà, emulsion tó wà nínú agolo sì máa ń dúdú díẹ̀ sí i bó bá gbẹ. Ẹ ra èyí tó kéré jù, kẹ́ ẹ kùn ún lẹ́ẹ̀mejì sára páálí ńlá, kẹ́ ẹ jẹ́ kó gbẹ, kẹ́ ẹ wá máa gbé páálí náà kiri ògiri: láàárọ̀, lọ́sàn-án, àti lálẹ́ nígbà tí iná bá wà. Ẹ fi àpò funfun kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kí ojú lè rí ìyàtọ̀. Bí ògiri bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹ́ pílásítà tuntun, ẹ fún un ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin kó gbẹ, nítorí símẹ́ǹtì tútù máa ń jẹ àwọ̀. Ọ̀dà olówó pọ́ọ́kú tó kún fún ẹfun náà, ẹ fi ìka nù ún bó bá gbẹ tán, kẹ́ ẹ tó sanwó ìyókù. Bó bá bá ìka yín lọ, á bá aṣọ àlejò yín lọ.

Ẹni tó bá ti ra gálọ́ọ̀nù funfun sílẹ̀ kó gbé e bọ́ síta, bó bá jẹ́ irú èyí tó ń gba òjò. Ògiri ìwọ̀-oòrùn ni kó kọ́kọ́ kùn, lẹ́yìn náà gúúsù. Bí ọ̀dà páànù bá wà ní funfun, òrùlé ló yẹ kó ṣáájú gbogbo rẹ̀. Kó fi àwọ̀ búráùn gba ìsàlẹ̀ ògiri láti ilẹ̀ dé orúnkún, kí òjò rí ibi ta ẹrẹ̀ sí. Bí ọyẹ́ bá sì parí, kó fi omi àti fóòmù fọ eruku kúrò lára funfun náà, torí bí eruku bá ṣe ń bò ó ni agbára rẹ̀ láti dá oòrùn padà ń dínkù.