Irọ́ ni pé gómìnà tó wà lórí àléfà kì í fìdí rẹmi

Bí ìbò gómìnà bá ti ń sún mọ́lé, tí gómìnà tó wà níbẹ̀ sì ní òun fẹ́ ṣe sáà kejì, ọ̀rọ̀ kan náà ni mo máa ń gbọ́ lọ́jà, nínú ọkọ̀ àti lóde àríyá: "Ta ló fẹ́ yọ ọ́? Owó ìjọba wà lọ́wọ́ rẹ̀, ọlọ́pàá wà lẹ́yìn rẹ̀, INEC sì ti mọ ẹni tí wọ́n máa kéde." Ẹni tó bá sọ ọ́ tán á ní òun ò ní da ara òun láàmú lọ́jọ́ ìbò. Ọ̀rọ̀ yìí ń dùn mí dé ọkàn, nítorí pé àkọsílẹ̀ ìbò ilẹ̀ Yorùbá fúnra rẹ̀ ló já a nírọ́.

Mo jókòó ka gbogbo ìbò gómìnà tó ti wáyé ní Èkó, Ògùn, Ọ̀yọ́, Ọ̀ṣun, Oǹdó àti Èkìtì láti ìgbà tí ìjọba alágbádá ti padà dé lọ́dún 1999 títí dé ti Oǹdó lọ́dún 2024. Ìgbà 22 ni ẹni tó wà lórí àga gómìnà tún jáde fún ìbò. Nínú 22 yẹn, 8 ló fìdí rẹmi. Àwọn 2 mìíràn, Olúṣẹ́gun Àgàgú ní Oǹdó àti Ọlágúnsóyè Oyínlọlá ní Ọ̀ṣun, INEC kéde pé wọ́n wọlé lọ́dún 2007, àmọ́ ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ní kì í ṣe àwọn ló wọlé. Àgàgú kúrò nílé ìjọba lọ́dún 2009, Oyínlọlá tẹ̀lé e lọ́dún 2010.

Marùn-ún nínú àwọn 8 yẹn ló lọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, nínú ìbò ọdún 2003: Ọ̀ṣọbà ní Ògùn, Lam Adéṣínà ní Ọ̀yọ́, Bísí Àkàndé ní Ọ̀ṣun, Adéfaratì ní Oǹdó, Níyì Adébáyọ̀ ní Èkìtì. Ẹgbẹ́ AD ni gbogbo wọn. Tinúbú ní Èkó nìkan ló ṣẹ́ kù.

Mo mọ ohun tí ẹlòmíràn máa sọ níbí. Á ní ìbò 2003 kò mọ́, pé ọwọ́ Abuja ló wà nínú rẹ̀, nítorí PDP ló wà lókè nígbà náà. Awuyewuye pọ̀ lórí ìbò yẹn lóòótọ́, n kò sì ní jiyàn. Ẹ jẹ́ ká yọ ọ́ kúrò pátápátá. Yóò ku ìgbà 16. Mẹ́ta fìdí rẹmi nínú ìbò, ilé ẹjọ́ yọ méjì, ó di 5 nínú 16. Ìyẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdá kan nínú mẹ́ta. Ṣé ohun tí à ń pè ní "kò ṣeé ṣe" nìyẹn?

Ní ti Abuja, ìbò méjì wà tí mo fẹ́ kí gbogbo ẹni tó nígbàgbọ́ nínú agbára òkè rántí. Àkọ́kọ́ ni ti Ọ̀yọ́ lọ́dún 2011. PDP ni Àlàó-Akálà, PDP ni Jonathan, Jonathan sì ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé ìbò ààrẹ nínú oṣù Kẹrin yẹn gan-an ni. Síbẹ̀ Akálà pàdánù sọ́wọ́ Ajímọ̀bi ti ACN. Ilé rẹ̀ ló ti kọ́kọ́ tú: Ládọjà ti kúrò nínú PDP, ó sì dúró lábẹ́ Accord, àwọn ìbò tó yẹ kó jẹ́ ọ̀kan ṣoṣo wá pín sí méjì. Ìkejì ni ti Ọ̀ṣun lọ́jọ́ 16 oṣù Keje ọdún 2022. APC ni Oyètọ́lá, APC ni Buhari, Tinúbú tó jẹ́ ìbátan rẹ̀ sì ṣẹ̀ṣẹ̀ gba tíkẹ́ẹ̀tì ààrẹ ní oṣù kan ṣáájú. Ilé ìjọba Òṣogbo àti Aso Rock ń bẹ lọ́wọ́ ẹgbẹ́ kan náà. Adélékè ti PDP ní ìbò 403,371, Oyètọ́lá ní 375,027. Ìjà abẹ́lé wà níbẹ̀ pẹ̀lú, nítorí àwọn ọmọlẹ́yìn Arẹ́gbẹ́ṣọlá, gómìnà tó ṣáájú Oyètọ́lá, kò sí lẹ́yìn rẹ̀.

Ti Èkìtì lọ́dún 2014 yàtọ̀. Kò sẹ́ni tó lè sọ pé Fáyẹmí kò ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n inú àwọn tíṣà kò dùn sí ìdánwò tí ìjọba ní kí wọ́n ṣe, ọ̀pọ̀ èèyàn sì ń sọ pé iṣẹ́ ìjọba kò dé inú ìkòkò ọbẹ̀ àwọn. Fáyóṣe ti PDP mú gbogbo ìjọba ìbílẹ̀ 16, láìku ẹyọ kan. Fáyẹmí fúnra rẹ̀ gbà pé òun ti pàdánù, ó sì kí ẹni tó borí. Ọ̀rọ̀ oyè máa ń rí bẹ́ẹ̀: àga tí wọ́n ní ó ń dáàbò bo gómìnà, òun náà ló ń di ẹ̀bi gbogbo rù ú. Owó oṣù tí kò wọlé, ọ̀nà tí kò dára, dókítà tí kò sí ní ilé ìwòsàn, orúkọ rẹ̀ ni wọ́n á fi pè é.

Ohun tó yà mí lẹ́nu jù ni pé tuntun ni ìgbàgbọ́ pé gómìnà kì í fìdí rẹmi yìí. Ní Ìbàdàn, òdìkejì rẹ̀ gan-an la gbọ́ dàgbà: wọ́n ní kò sí gómìnà tó lè ṣe é lẹ́ẹ̀mejì ní Ọ̀yọ́. Wọ́n á ka orúkọ fún ọ. Bọ́lá Ìgè, Olúnlọ́yọ̀ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́dún 1983. Kọ́lápọ̀ Ìṣọ̀lá, sójà dé lọ́dún 1993. Lam Adéṣínà, 2003. Ládọjà, àwọn aṣòfin yọ ọ́, ilé ẹjọ́ dá a padà, ẹgbẹ́ rẹ̀ fa ẹlòmíràn kalẹ̀ lọ́dún 2007. Akálà, 2011. Àwọn kan tilẹ̀ ń pè é ní èèwọ̀. Ìgbà tí Ajímọ̀bi wá wọlé lẹ́ẹ̀kejì lọ́dún 2015 ni wọ́n fún un lórúkọ Kòṣẹlẹ̀rí. Mákindé náà tún ṣe é lọ́dún 2023, èèwọ̀ bá pòórá. Àárín ọdún díẹ̀ péré la fi kúrò nínú "kò sẹ́ni tó lè ṣe é lẹ́ẹ̀mejì" bọ́ sínú "kò sẹ́ni tó lè yọ ọ́."

N kò sọ pé gómìnà tó wà lórí àga kò ní àǹfààní. Ó ní in, ó sì pọ̀. Òun ló ń gbé iṣẹ́ sílẹ̀ fún kọngíláàsì, òun ló ń yan kọmíṣọ́nnà, ẹnu rẹ̀ ni rédíò ìpínlẹ̀ ń sọ. A sì mọ "dìbò kóo sebẹ̀", bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹgbẹ́ méjèèjì ló ń pín in. Àmọ́ láti ìgbà tí ẹ̀rọ BVAS ti dé, ojú tàbí ìka ẹni gbọ́dọ̀ bá ti inú ẹ̀rọ mu kó tó lè dìbò. Wọ́n ń ka ìbò lójú gbogbo èèyàn ní ibùdó, aṣojú ẹgbẹ́ ń buwọ́ lu ìwé èsì, àwòrán ìwé náà sì ń lọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹni tó jókòó sílé ni ìbò rẹ̀ kò sí nínú ìwé yẹn.

Ẹ tún wo Ọ̀ṣun. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín Adélékè àti Oyètọ́lá lọ́dún 2022 jẹ́ ìbò 28,344. Ibùdó ìdìbò 3,763 ló wà ní ìpínlẹ̀ náà. Bí a bá pín in, kò pé ìbò 8 ní ibùdó kọ̀ọ̀kan. Ti 2018 tilẹ̀ kéré ju bẹ́ẹ̀ lọ: ìbò 482 péré ni Oyètọ́lá fi borí, lẹ́yìn tí wọ́n tún ìbò dì ní ibùdó 7. Àwọn tó forúkọ sílẹ̀ ní Ọ̀ṣun lọ́dún 2022 sún mọ́ mílíọ̀nù 2. Àwọn kan ti kú, àwọn kan ti kó lọ, àwọn mìíràn kò tíì gba káàdì. Àmọ́ àwọn tó jáde dìbò lọ́jọ́ náà kò pé 850,000.