Júpítérì kọ́ ni ìràwọ̀ tó kù díẹ̀ kó tàn

Ẹnì kan tún fi ohùn ránṣẹ́ sí mi láàárọ̀ yìí pé Júpítérì, pílánẹ́ẹ̀tì tó tóbi jù lọ nínú àwọn tó ń yí oòrùn wa po, ì bá ti di oòrùn kejì, ká ní ó fi díẹ̀ tóbi sí i. Ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi. Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu olùkọ́, mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu ọ̀rẹ́. Díẹ̀ wo? Èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ó kù díẹ̀ káàtó rárá.

Ìràwọ̀ ní láti wúwo débi tí àárín rẹ̀ á fi gbóná, tí á fún pọ̀, tí gáàsì háídrójìn inú rẹ̀ á sì máa para pọ̀ di gáàsì hílíọ́ọ̀mù láìdáwọ́ dúró; ìyẹn ló ń mú kó máa tàn. Kí ìyẹn tó ṣẹlẹ̀, ẹ ní láti kó Júpítérì bíi 75 sí 80 jọ sójú kan. Mo gbà pé ìlà yẹn lè sún díẹ̀, bí gáàsì inú ìràwọ̀ náà bá ṣe rí, àmọ́ kò lè sún dé ọ̀dọ̀ ẹyọ Júpítérì kan láé.

Ẹ wo Gliese 229 B, tí ìròyìn rẹ̀ jáde lọ́dún 1995. Ó wà lára àwọn àkọ́kọ́ tí wọ́n fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé wọ́n jẹ́ brown dwarf, ìyẹn ohun tó wúwo ju pílánẹ́ẹ̀tì lọ àmọ́ tí kò wúwo tó ìràwọ̀. Nígbà tí wọ́n wá mọ ìwúwo rẹ̀, ó tó nǹkan bíi Júpítérì 70, síbẹ̀ ó ń ṣe bàìbàì ju bó ṣe yẹ lọ. Ó rú wọn lójú. Ọdún 2024 ni àṣírí tú: méjì ni wọ́n! Ọjọ́ 12 ni wọ́n fi ń yí ara wọn po. Ọ̀kan wúwo tó Júpítérì 38, èkejì tó 34. Júpítérì 38 lódindi, kò di ìràwọ̀, ńṣe ló ń tutù lọ. Mélòó wá ni Júpítérì kan?

"Tóbi" tí wọ́n ń sọ pàápàá kò tọ̀nà. Ìràwọ̀ ni TRAPPIST-1, díẹ̀ báyìí ló sì fi fẹ̀ ju Júpítérì lọ, àmọ́ ó wúwo jù ú lọ ní ìlọ́po bíi 90.

Wọ́n á ní gáàsì kan náà ló wà nínú Júpítérì àti oòrùn. Kí ló kan ìyẹn? Wọ́n á ní ooru tó ń tú jáde ju èyí tó ń gbà lọ́dọ̀ oòrùn lọ. Bẹ́ẹ̀ ni, ooru àtìgbà tó ti ń kóra jọ ni, kò tíì tán ni.

Ẹni tí èyí kò bá tó, kó wá awò awọ̀nàjíjìn. Mo jókòó sídìí tèmi lóru ọjọ́ kan tí òṣùpá Júpítérì tó ń jẹ́ Io ń gba iwájú rẹ̀ kọjá. Òjìji Io bọ́ sí i lára, tóótòòtó báyìí, ó dúdú bíi kóró iṣin. Ó lé ní wákàtí méjì tó fi rọra rìn já. Gbogbo ibi tó bá tẹ̀ ló ń ṣókùnkùn. Ìmọ́lẹ̀ oòrùn ló ń ta padà lára Júpítérì wá bá wa. Ibi tí oòrùn kò bá dé, kò ní ìmọ́lẹ̀ tirẹ̀ tí ojú lè rí níbẹ̀.