Èsì wa sí ẹni tó fún wa ní ìràwọ̀ 2 lórí kọ̀ǹpútà kékeré fún orin

Ẹ̀gbọ́n wa, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ sì kú sùúrù. Mo ti ka ohun tí ẹ kọ sábẹ́ ọjà yìí lẹ́ẹ̀mejì, mo sì fi han ẹni tó ń bá wa tún kọ̀ǹpútà ṣe. Ẹ ní ẹ ra kọ̀ǹpútà kékeré tókúńbọ̀ lọ́wọ́ wa kí Bàbá lè máa fi gbọ́ orin ní pálọ̀ wọn ní Ìjẹ̀bú-Òde. Ẹ ní a kọ ọ́ síbẹ̀ pé kì í pariwo, àmọ́ bó bá di alẹ́, ńṣe ló ń fọn fíì. Ẹ ní sípíkà ń kùn bí ilé oyin, àti pé àwọn rẹ́kọ́ọ̀dù jùjú tí ẹ fi nǹkan bí oṣù méjì dà sórí rẹ̀ ń já láàárín. Ìràwọ̀ 2. Ẹ wá fi kádìí rẹ̀ pé kí àwa ará Computer Village máa bẹ̀rù Ọlọ́run.

À ń bẹ̀rù rẹ̀ o, ẹ̀gbọ́n. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń dáhùn níbi tí gbogbo ayé ti lè rí i, tí n ò sọ pé kí ẹ wá bá wa ní ìkọ̀kọ̀.

Ariwo fáànù ni n ó kọ́kọ́ mú, nítorí a kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ ká máa pa làpálàpá. Ẹ̀bi wa ni. Nígbà tí ẹ pè, ohun tí ẹ bèèrè ni èyí tó kéré, tó sì dákẹ́. Ọmọ tó gbé fóònù gbọ́ "kéré", ó rò pé "dákẹ́" ti wà nínú rẹ̀. Kò sí nínú rẹ̀. Àpótí tó bá kéré gan-an, fáànù kékeré ló máa ń gbà, fáànù kékeré sì ní láti sáré yí kíkankíkan kó tó lè fẹ́ ìwọ̀n atẹ́gùn tí fáànù ńlá ń fẹ́ wọ́ọ́rọ́wọ́. Ohùn rẹ̀ á wá tín-ín-rín, á máa gún etí. Kọ̀ǹpútà gàgàrà tí wọ́n ń gbé sábẹ́ tábìlì lè dákẹ́ ju èyí tó ṣeé fi àtẹ́lẹwọ́ gbé lọ. Àwa tá a wà nídìí ọjà yìí mọ̀ bẹ́ẹ̀, ó sì yẹ ká ti sọ ọ́ fún yín kí ẹ tó sanwó.

Èyí tí ẹ rà, ọ́fíìsì ni wọ́n ṣe é fún. Ní ọ́fíìsì, ẹ́sì ń ṣiṣẹ́, fóònù ń dún, èèyàn ń sọ̀rọ̀. Ta ni yóò gbọ́ fáànù? Lẹ́tà T ló parí orúkọ CPU (ọpọlọ kọ̀ǹpútà) inú rẹ̀, ìyẹn irú èyí tí Intel, ilé iṣẹ́ tó ṣe é, dín agbára rẹ̀ kù sí wáàtì 35. Wáàtì 35 náà kì í ṣe nǹkan bàbàrà, pàápàá tó jẹ́ pé orin gbígbọ́ kì í jẹ kó lò tó bẹ́ẹ̀ rárá. Kí ló wá ń lé fáànù kiri? Fídíò tí ẹ fi ránṣẹ́ ló jẹ́ ká mọ̀. Inú kọ́bọ́ọ̀dù tó wà lábẹ́ tẹlifíṣọ̀n ni ẹ gbé e sí, tí ilẹ̀kùn dígí sì wà níwájú rẹ̀. Ooru tó tú jáde lẹ́yìn kò rí ibi gbà, ó tún ń fà á wọlé padà. Tiwa tó wà níbẹ̀ ni pé ẹ̀rọ tó ti ṣiṣẹ́ ọdún púpọ̀ lókè òkun, paste (kinní bí ìpara tó ń gbé ooru kọjá) tó wà láàárín CPU àti irin tó ń gba ooru rẹ̀ máa ń gbẹ. A ṣí ẹ̀rọ yẹn láti fi RAM (memory tí kọ̀ǹpútà fi ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́) kún un, a ò sì pààrọ̀ paste. Iṣẹ́ ìṣẹ́jú 15 ni. Ìyẹn ò dáa, mo sì ti sọ ọ́ fún ẹni tó ṣe é lójú gbogbo ṣọ́ọ̀bù.

Ohun kan tún wà tí ẹ pè ní fáànù tí kì í ṣe fáànù. Ẹ kọ ọ́ pé gbogbo ara kọ́bọ́ọ̀dù ló ń kùn bí èèyàn bá gbé ọwọ́ lé e. Hard disk tó ń tọ́jú orin yín nìyẹn. Irú èyí tó wà nínú ti yín máa ń yí ní ìgbà 7,200 ní ìṣẹ́jú kan, ìyẹn 120 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Gbígbọ̀n yẹn ń wọ inú pákó lọ, kọ́bọ́ọ̀dù pákó tó ṣófo nínú, ìlù sì ni. Ẹ gbé kọ̀ǹpútà yẹn lé orí tìmùtìmù fún ìṣẹ́jú kan péré, ẹ ó rí i pé ìdajì ariwo náà á lọ. (Ìṣẹ́jú kan ni mo wí o, kì í ṣe ibẹ̀ ni kó máa gbé, á gbóná.) SSD, tó ń ṣe irú iṣẹ́ kan náà, kò ní ohunkóhun tó ń yí nínú, òun ló yẹ ká ti fi síbẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀ nígbà tí ẹ ti dárúkọ orin.

Ti sípíkà tó ń kùn ńkọ́? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣí fídíò yín ká jọ wò ó. Ó bẹ̀rẹ̀, sípíkà ń kùn, Bàbá ò tíì fi orin kankan sí i. Nígbà tó di ìṣẹ́jú àáyá 40, gílóòbù òkè ṣẹ́jú, ọmọdé kan pariwo "Up NEPA!" níta, kíkùn náà sì dákẹ́ lójú ẹsẹ̀. Ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà. Orí inverter ni ilé wà tẹ́lẹ̀, orí NEPA ló bọ́ sí. Inverter ló ń kùn, ẹ̀gbọ́n, kì í ṣe ọjà wa.

Iná NEPA máa ń lọ sókè sódò ní ìgbà 50 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ó sì ń rọra gùn ún, ó ń rọra sọ̀ bí ìgbì omi. Inverter tí wọ́n kọ "modified sine wave" sí lára kì í rọra ṣe é. Ńṣe ló ń fò bí ẹni tó ń gun àtẹ̀gùn. Etí àtẹ̀gùn yẹn ni amplifier Bàbá (ẹ̀rọ tó ń mú ohùn ròkè) ń gbọ́, tó sì ń sọ fún sípíkà. Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ pé n ò purọ́, ẹ tẹ́tí sí fáànù òkè nígbà tí ilé bá wà lórí inverter. Òun náà á máa kùn, kò sì sí wáyà tó so òun àti kọ̀ǹpútà pọ̀. Ohun tó ń wo irú èyí sàn ni inverter "pure sine wave". A ò ta inverter, nítorí náà kò sí èrè kankan tí mò ń wá níbẹ̀.

Ẹ̀yin yòókù tí ẹ ń ka èyí, tí sípíkà yín náà ń kùn, ẹ yọ wáyà orin kúrò lẹ́yìn kọ̀ǹpútà, kí ẹ fi amplifier sílẹ̀ ní títàn. Bó bá ṣì ń kùn, ẹ má bá kọ̀ǹpútà jà. Bó bá dákẹ́, ẹ fi kọ̀ǹpútà àti amplifier sórí extension kan náà. Ọ̀pọ̀ ìgbà ló jẹ́ pé sọ́kẹ́ẹ̀tì méjì tí wọ́n wà ló fà á, tí iná ń gba ọ̀nà wáyà orin rìn láàárín ẹ̀rọ méjèèjì. Bí ìyẹn ò bá tó, kinní kékeré kan wà tí wọ́n ń pè ní ground loop isolator, àárín wáyà ni wọ́n ń fi í sí. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gé ẹsẹ̀ kẹta púlọ́ọ̀gì fún yín pé òun ń wo kíkùn sàn. Mo ti rí i tí wọ́n ṣe é. Ẹsẹ̀ yẹn ni kì í jẹ́ kí iná gbé èèyàn.

Orin tó ń já kò le. Ojú kan rẹ́kọ́ọ̀dù jùjú àtijọ́ lè lọ tó ìṣẹ́jú 18 tàbí 20 láìdánudúró, orin kan ń wọnú èkejì. Ẹ gé wọn sí ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ kí Bàbá lè rí orúkọ orin, ẹ sì fi wọ́n pamọ́ ní MP3. MP3 máa ń fi òfìfo díẹ̀ kún ìbẹ̀rẹ̀ àti ìparí orin kọ̀ọ̀kan. Níbi tí orin ti parí pátá, etí ò ní mọ̀, àmọ́ níbi tí ìyá ìlù ti ń bá ọ̀rọ̀ lọ, á já gẹ́ẹ́, ẹni tó mọ rẹ́kọ́ọ̀dù yẹn látìgbà èwe á sì bínú. Ẹ bá mi bẹ Bàbá. foobar2000, ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń gbọ́ orin, mọ bí wọ́n ṣe ń fo òfìfo yẹn bí àmì rẹ̀ bá wà nínú MP3 náà, a ó sì fi sí i. Àmọ́ bí ohùn tí ẹ kọ́kọ́ gbà kí ẹ tó gé e bá ṣì wà, FLAC, irú fáìlì orin mìíràn, ni kí ẹ fi ṣe é. Ẹ ní ẹ̀rù àyè ló bà yín. Wákàtí kan ohùn bíi ti CD jẹ́ nǹkan bíi 635 MB, FLAC á sì dín in kù sí bí ìdajì láìyọ ohunkóhun kúrò nínú rẹ̀. SSD 1 TB á gba ju 2,000 wákàtí lọ. Bàbá ò lè gbọ́ ọ tán lọ́dún yìí.

Ó ku ohun tá a máa ṣe. Bí ẹ bá fẹ́ èyí tí ẹ ní, a ó fi SSD 1 TB rọ́pò hard disk, a ó pààrọ̀ paste, a ó gbọn eruku inú rẹ̀, a ó sì dà gbogbo orin yín sórí tuntun. Ẹ ò ní san kọ́bọ̀. Àmọ́ bó bá jẹ́ pé ẹ̀gbọ́n mi tí ìyá bí wá pọ̀ ni ẹ, n ó ní kí ẹ fi í pààrọ̀ èyí tí kò ní fáànù rárá. CPU Intel N100 ló wà nínú rẹ̀, ti ọdún 2023, wáàtì 6 ni ìwọ̀n rẹ̀, irin tí wọ́n fi ṣe ara rẹ̀ ló sì ń tú ooru dànù. A ó ka owó tí ẹ ti san sí i lódindi, ẹ ó fi díẹ̀ lé e. Á máa lọ́ wọ́ọ́rọ́ lọ́wọ́, ẹ má bẹ̀rù ìyẹn, ṣùgbọ́n ẹ sọ fún Màmá kí wọ́n má ta aṣọ olódòdó yẹn bò ó bí wọ́n ṣe ta á bo tẹlifíṣọ̀n. Orí kọ́bọ́ọ̀dù ni kó wà, kì í ṣe inú rẹ̀. Kì í ṣe gbogbo N100 ni kò ní fáànù o; àwọn tó ní in, òmíràn ń ké ju èyí tí ẹ ń ráhùn lé lórí lọ. Ẹ bèèrè kí ẹ tó rà, níbikíbi tí ẹ bá ti ń rà.

Ẹnì kan bèèrè nísàlẹ̀ ìdí tí a ò fi gba yín níyànjú Raspberry Pi, kọ̀ǹpútà pẹlẹbẹ tó kéré bíi káàdì ATM. Ìbéèrè gidi ni. Ó dákẹ́, iná díẹ̀ ló ń jẹ, Pi 4 tó jáde ní 2019 sì tó orin gbígbọ́ ó ṣẹ́kù. Pi 5 tó dé ní 2023 yára jù ú lọ, àmọ́ wọ́n ti yọ ihò wáyà orin kúrò lára rẹ̀, ẹ ó ra kinní mìíràn mọ́ ọn. Ìyẹn kọ́ ló ń bà mí lẹ́rù. Orí memory card tín-ńtín ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń gbé gbogbo iṣẹ́ rẹ̀ kà, bí iná bá sì lọ lójijì lásìkò tó ń kọ nǹkan sórí káàdì, ó lè má jí mọ́. Nílé ẹni tó mọ kọ̀ǹpútà, kò sí wàhálà, á tún káàdì ṣe kí ọbẹ̀ tó hó. Nílé Bàbá ẹni ọdún 78 tí ọmọ wọn wà ní Èkó, ẹ̀yin ni wọ́n á máa pè.

Ẹ fi kọ̀ǹpútà náà lé mọ́tò tó ń bọ̀ ní Èkó láàárọ̀, àwa la ó san owó wébìlì lọ bọ̀. Ẹ fi ṣájà rẹ̀ sí i. Wáyà orin àti sípíkà, ẹ jẹ́ kí wọ́n wà níbẹ̀, Bàbá lè fi fóònù gbọ́ tiwọn títí a ó fi dá a padà.